Ẹnu Ibodè

Wàídì gbé ẹ̀rọ eré rẹ̀ wá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀,
ó fi ìborùn ìyá rẹ̀ wé e bí ọmọ tuntun.
"Ọ̀gá Adékàǹbí, ọpọlọ rẹ̀ ti kú.
Tí mo bá ti dé ibi tí ogójì ọ̀tá ti ń yọ lẹ́ẹ̀kan,
àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò.
Èmi á tẹ mànẹ́ẹ̀tì, idà á há sókè,
kò ní sọ̀ kalẹ̀ títí wọn á fi pa mí.
Ẹ bá mi fi ọpọlọ tó yá sí i."

Mo tú ìṣó mẹ́fà.
Eruku pupa Kétu kún abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀,
pẹ̀lú ìyẹ́ aáyán kan.
Mo fẹ́ ẹ, mo nù ún, mo tún un tàn.
Ogójì ọ̀tá yọ. Ó tún kólòlò.

Mo ní, Wàídì, ọpọlọ rẹ̀ kò kú.
Ó yá ju tìrẹ lọ, ó yá ju tèmi.
Wo aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà:
ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fò lórí ẹ̀rọ bí òjò àkọ́rọ̀,
ṣùgbọ́n ká ní Ìlárá ni òwú wà,
tí ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo ń fẹsẹ̀ rìn lọ mú un?
Aránṣọ á káwọ́ gbera, á máa ka eṣinṣin.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán àpò kékeré mọ́ àyà ọpọlọ,
òwú díẹ̀, abẹ́rẹ́ méjì, ohun tí ọwọ́ ń wá jù.
Àpò ti eléyìí kò gbà ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ.
Àwọn tó ń kọ eré láyé àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀,
wọ́n a di ẹrù ní kéékèèké,
wọ́n a ti rán ọmọ iṣẹ́ kí òwú tó tán.
Àwọn tìsinsìnyí kàn da gbogbo ọjà sẹ́nu ọ̀nà.

Mo nawọ́ sí Àkàbà Ìdènà.
Ẹgbẹ̀rún ènìyàn lè dé lẹ́ẹ̀kan náà,
ẹnu ibodè ló máa sọ iye tó wọlé.
Bí ọ̀nà àárín iyè àti ọpọlọ ẹ̀rọ rẹ ti rí tóóró nìyẹn.
Mi ò lè fẹ̀ ẹ́ lójú.

Ó ń fi èékánná ha etí tábìlì.
"Ṣebí nítorí ọ̀tá làwọn baba wa ṣe kọ́ tiwọn tóóró?"
Bẹ́ẹ̀ ni.
"Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ yìí ńkọ́, ta ni wọ́n ń bẹ̀rù?"

Kúrán lọ. Abẹ̀bẹ̀ yí díẹ̀ sí i, ó dúró.
Owó, mo ní. Ọ̀nà tó fẹ̀ wọ́n.
Ó rẹ́rìn-ín, ó tún fi ìborùn wé e.
Igba sẹ́fà ni mo gbà, fún eruku nìkan.