Páálí Mọ́kànlá

Mo kà wọ́n lánàá, mọ́kànlá ni.
Mo tún wọn kà láàárọ̀ yìí kí n tó ṣílẹ̀kùn,
bí ẹni pé páálí a máa bímọ lóru.
Mọ́kànlá náà ni.
Ọwọ́ méjì ni wọ́n yà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ọwọ́ bọ ọwọ́, bí ìgbà tí àna méjì bá pàdé,
wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀bùn ni,
láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ yìí ti wà lọ́rùn mi
ní Èbúté-Mẹ́ta, lẹ́yìn ọgbà rélùwéè,
níbi tí gbogbo ìgò ti ń gbọ̀n díẹ̀
bí ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn bá ń wọlé.
Ẹ̀bùn. N kò yẹ ọ̀rọ̀ náà wò rí.

Àfi ìgbà tí rédíò Sájẹ́ǹtì Ọ̀ṣínúbi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní géètì.
Ó ní àríyànjiyàn ń lọ ní Wáṣíńtọ̀nù
lórí ohun tí wọ́n ń pè ní ààbò.
Aṣòfin kan ní kí owó padà wálé,
ẹni tí kò tíì kan páànù tirẹ̀
kì í yá aládùúgbò ní ìṣó.
Ọ̀gágun kan tó ti fẹ̀yìn tì dá a lóhùn:
bí ẹ bá gé owó oògùn, ẹ yáa fi kún owó ọta.
Ẹnì kẹta ní Ṣáínà ń bọ̀,
àga tí èèyàn bá dìde lórí rẹ̀ kì í pẹ́ ṣófo.
Mo dúró níbẹ̀, mo di ìwé ìṣírò mọ́ àyà,
mò ń retí kí ẹnì kan dárúkọ Simbíàtù.

Kò sẹ́ni tó dárúkọ Simbíàtù.

Sájẹ́ǹtì tó jagun ní Làìbéríà,
tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò tíì darí dé tán,
òun ló sọ èyí tó dùn mí.
Ó ní aṣòfin yẹn ò jẹ̀bi.
Ó ní ọmọ tí a gbé pọ̀n ni kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.
“Ìjọba tiwa ńkọ́? Páálí mélòó ni Àbújá kó wá?”
Mo ṣí ìwé. Mo wo ojú ewé tiwọn.
Kàlẹ́ńdà mẹ́fà.
Mo tún un wò.
Kàlẹ́ńdà mẹ́fà.

Àwọn àgbà ní ẹni tó ń jẹ kòkòrò búburú nítòsí wa,
hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.
Bóyá ohun tí ọ̀gágun yẹn ń sọ nìyẹn.
Ṣùgbọ́n lẹ́nu tirẹ̀, òwe náà yí ojú padà sí mi:
ṣé àwa lẹni tó ń jẹ kòkòrò ni,
àbí àwa gan-an ni kòkòrò ọ̀hún,
àbí ariwo lásán la jẹ́
létí ẹni tó fẹ́ sùn?
Ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo fi pè é lẹ́bùn,
àṣé owó oorun ni.
Síbẹ̀ hóró oògùn ò mọ ìdí tí wọ́n fi rà á.
Ó ń ṣiṣẹ́ náà ni.

Simbíàtù dé ní aago mọ́kànlá láti Ìddó,
ó fi ìbòrí bo ojú dé imú kí ojúlùmọ̀ má baà dá a mọ̀,
òórùn àwọ̀n tútù tó ń tà fáwọn apẹja wà lára rẹ̀.
Àádọ́rùn-ún hóró ni mo máa ń kà fún un.
Mo ka ọgbọ̀n.
Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó wo ojú mi.
“Bọ̀dá, ṣé wọn ò tíì parí ìjà ọ̀hún ni?”
Mo ní wọn ò tíì parí.
“Ẹ bá mi kí wọn o.”

Ó wá bi mí bóyá páálí òfìfo wà,
pé òjò ń gba ojú fèrèsé wọlé bá òun.
Mo fún un ní méjì.
Ó gbé wọn rù,
ọwọ́ bọ ọwọ́ lókè orí rẹ̀
títí ó fi sọdá ojú irin.
Mo ṣí ìwé. Mo kọ ọ́:
òfìfo, méjì.