Ọ̀ọ́dúnrún Ó Dín Mẹ́ta

Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Sátidé
ni wọ́n ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò l'Ókè-Fìà.
Aago mẹ́jọ, mo wà ní ọsibítù Asúbíaró,
mo di apá Ọ̀ṣuntóògùn mú
kí nọ́ọ̀sì lè rí iṣan.
Láti òru ni eegun ẹ̀ ti ń bá a jà.
Màmá ń bọ̀ láti Ẹdẹ,
òjò dá a dúró níwájú afárá Gbódófọn,
omi gba ojú títì, ọlọ́kadà kọ̀,
ó ní ẹ̀mí òun ò tó owó tí màmá ní lọ́wọ́.

Nígbà tó dé, aago mẹ́sàn-án ti lé.
Ìró ara ẹ̀ ń ro tótó.
Ó gba apá ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi,
ó ní, "Sáré."
Mo sáré.
Kí ni eré fẹ́ fi ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì ṣe?
Ọlọ́dẹ ẹnu ọ̀nà wo ẹsẹ̀ mi tó kún fún ẹrẹ̀,
ó ní, "Àǹtí, wọ́n ti ń kówèé jọ."
Pẹ́ńsù mi mú síbẹ̀síbẹ̀.
Lórí mi ni mo ti fi kọ gbogbo ìdáhùn tán.

Ọjọ́ kẹsàn-án, mo lọ bẹ̀bẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Gbádéyanká yọ jígí ojú ẹ̀, ó nù ún:
"A kì í ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mejì.
Ṣùgbọ́n ṣé o jókòó fún JAMB?
Bí máàkì ẹ̀ bá ti kọjá àádọ́talérúgba,
a lè fi dípò.
Bí a ò bá rí àdàn, a ó fòòbẹ̀ ṣẹbọ."
Ó rẹ́rìn-ín. Mo bá a rẹ́rìn-ín.
Lọ́nà ilé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ro ti òòbẹ̀:
ta ló bi í bóyá ó fẹ́ dípò ẹnikẹ́ni?
Bóyá ibi tirẹ̀ ló ń fò lọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Inú agolo mílíìkì ni mo ti rí ìwé ọ̀hún,
ó ká sí mẹ́rin, epo tó etí ẹ̀ kan.
Ìlobùú ni mo ti ṣe é.
Jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mẹta,
ọmọkùnrin iwájú mi ń wúkọ́,
n ò ronú ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ rárá,
ẹ̀bà tí mo fi sílẹ̀ nílé ni mò ń rò.
Òun náà ló wá ń jẹ́rìí fún mi yìí.

297.
Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síwèé nìyẹn, ó pé, kò jẹ gbèsè.
Lẹ́nu tiwa, ọ̀ọ́dúnrún ó dín mẹ́ta ni:
a kì í lè pe èyí tó wà
ká má dárúkọ èyí tí kò dé.

Fọ́ọ̀mù bi mí: Kí ló fà á tí o kò fi wá?
Ìlà tí wọ́n fà fún ìdáhùn kò gùn ju ìka lọ.
Mo kọ ọ́: àìsàn nínú ẹbí.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta.
Òjò ò sí níbẹ̀. Ìró tútù ò sí níbẹ̀.
Igbe tí àbúrò mi gbé mì
kí n má baà wo ojú aago,
òun náà ò sí níbẹ̀.
Gbádéyanká lu òǹtẹ̀ lé e:
"Ẹ máa retí wa."

Nírọ̀lẹ́, Ọ̀ṣuntóògùn jókòó sórí ẹní, ó ń fa ọsàn mu.
"Ṣé wọ́n gbà á?"
Mo ní wọ́n ní ká máa retí.
"Kí ló dé tí o ò kúkú jẹ́ kó pé ọ̀ọ́dúnrún?"
Ó na ìka mẹ́ta sí mi,
ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ti gún,
ọsàn ń ro lára ẹ̀.
Mo dì í mú,
bí mo ṣe dì í mú ní Sátidé.