Ìpín Gbọ́tìẹ

Kí lèmọ́mù Ayétòrò tó sálámà ìrun àsùbáà
mo ti dúró níwájú Lámídì alápatà,
tọ́ọ̀ṣì lábíyá, ọ̀rá dúdú lọ́wọ́.
"Fùkù ni mo fẹ́, àti ọ̀nà ọ̀fun, àti egungun ìhà
tí ẹnikẹ́ni kò bá yọjú sí."
Lámídì rẹ́rìn-ín: "Bàbá Réluwéè,
ta ló ń jẹ gbogbo èyí nílé yín?"
Mo ní àlejò ni.
Irọ́ kékeré kì í ba ààwẹ̀ ẹni tí kò gbààwẹ̀ jẹ́.

Ìtùnnú ọmọ mi, tó ń tọ́jú ẹranko ní Ìlọrin,
ló pè mí nígbà tí kúrúnà bo ajá mi,
tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń re
bí ìyẹ́ adìyẹ tí wọ́n da omi gbígbóná lé.
"Bàámi, ẹ yéé fún un ní ẹ̀bà àná.
Ẹran tútù ni kí ẹ fún un. Ẹ má sè é.
Eegun tó bá ti jinná a máa fọ́ bí abẹ́rẹ́,
a sì máa gún ìfun."
Mo ní ṣé ajá ni àbí ẹkùn?
Ó ní, "Bàámi, ẹ wo eyín rẹ̀."

Mo wò ó.
Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń bá eyín yìí gbélé,
n kò bi í léèrè iṣẹ́ tí wọ́n rán an wá ṣe.

Kì í sì í ṣe àrà tuntun.
Bàbá tó bí mi dẹ igbó Ìbòkun títí ojú rẹ̀ fi fọ́.
Bó bá la ọ̀yà nínú, ìfun rẹ̀ kì í kan iná:
ajá ló lé e, ajá ló kọ́kọ́ jẹ,
ká tó mọ ẹni tí itan kàn, ẹni tí orí kàn.
Àmọ́ ajá tèmi ò lé nǹkankan rí
àfi ọ̀kadà àti òjìji ara rẹ̀.

Gbọ́tìẹ lorúkọ rẹ̀.
Àwọn ará ilé kejì ni mo tìtorí wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Lọ́dún tí ìyàwó mi kó ẹrù rẹ̀ lọ,
tí wọ́n ń yọjú lójú fèrèsé,
mo bọ́ síta, mo ké pe ajá mi,
fèrèsé sì pa dé, gbàgà.

Oṣù méjì, irun rẹ̀ hù, ó ń dán.
Mo ń gé fùkù sínú abọ́ lẹ́yìnkùlé,
ẹ̀jẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi,
eṣinṣin ti gbọ́ kí n tó ránṣẹ́ pè é.
Ìgbà náà ni mo rí Kàfáyà lórí ògiri,
ọmọ ọdún méje, ọmọ ilé kejì,
ẹ̀kọ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ nìkan.
Ó wò títí ajá fi lá abọ́ mọ́.
Ó wá bi mí, kò sí ẹ̀gàn lóhùn rẹ̀ rárá:
"Bàbá, ṣé ajá yín ń ṣọdún ni?"

Iléyá lọmọ náà ní lọ́kàn.
N kò rí èsì.
Mo kọjú sí ajá, kó ṣáà kúrò níbẹ̀,
mo pè é lórúkọ:
"Gbọ́tìẹ!"
Ajá ò mira.
Ọmọ náà ló sọ̀ kalẹ̀ lórí ògiri.
Mo gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ títí ó fi wọlé.

Láàárọ̀ yìí Lámídì ti di fùkù sílẹ̀ dè mí.
Mo ní, "Fi kílò kan sí i. Itan."
Ó ní, "Àlejò ti pọ̀ sí i?"
Mo ní rárá, àwọn onílé ni.

Òṣogbo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Mo gba ẹ̀gbẹ́ irin réluwéè
tí koríko ti bò, níbi tí mo ti lo ọgbọ̀n ọdún,
ọ̀rá méjì lọ́wọ́, ọ̀kan wúwo ju èkejì,
n kò tíì mọ ohun tí n ó wí lẹ́nu ọ̀nà wọn.
Ajá sáré wá pàdé mi, ó ń ju ìrù.
Mo la ẹnu láti pè é.
Mo pa á dé.
Mo súfèé.