Òwú Ọgbẹ́

Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá, ọjọ́ Bàbárà Mímọ́,
ìyá ọkọ mi béèrè òwú.
Mo ní, "Rafká, òwú wo?"
Fèrèsé mẹ́fà ló wà nílé wa, ọ̀kan ṣoṣo ló ṣì ní gíláàsì.
Yìnyín ti bọ́ sórí òkè, òtútù rẹ̀ ń wọlé láìkànkùn.
Gbogbo ayé mọ Lẹ́bánónì mọ́ igi kédárì;
àwa ará gúúsù, ólífì la mọ̀,
ólífì ọdún yìí sì ti dúdú, ó ti rọ, ó ti já sílẹ̀ fún èèrà,
nítorí ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ ká a
kò mọ ohun tó sùn sábẹ́ ewé.
"Òwú," ó tún wí, bí ẹni pé mi ò gbọ́.
"Àlìkámà ti wà lọ́wọ́ mi."

Àṣà wa ni. Bí a bá ń retí Bíbọ̀ Olúwa,
a máa ń gbin irúgbìn sórí òwú tútù nínú àwo.
Kò gba erùpẹ̀, kò gba ọkọ́,
omi díẹ̀ ni, àti sùúrù.
Tó bá di alẹ́ Kérésì, yóò ti ga tó ìka,
a ó gbé e yí ibùjẹ ẹran ká
kí Ọmọ náà lè bá ewé tútù nílé.

Òwú tó kù nílé
wà nínú àpótí tí àwọn elétò ìlera pín fún wa,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ báńdéèjì.
Ìdì mẹ́ta. Mo ti kà á, mo ti pín in lọ́kàn mi:
ọ̀kan fún Tanyọ́sì, ọ̀kan fún Marína,
ọ̀kan fún ẹnikẹ́ni tí ògiri bá wó lù.
Báyìí ni ìyá ọmọ ń ṣírò nílùú wa.
Mo ní, "Rafká, ọgbẹ́ ni òwú yìí ń dúró dè."
Ó wò mí títí.
"Ìwọ ńkọ́? Ọgbẹ́ nìwọ náà ń dúró dè?"

Mi ò dáhùn.
Iná lọ, bó ṣe máa ń lọ.
Inú òkùnkùn ni mo ti ṣí àpótí,
mo yọ ìdì kan. Ọ̀kan péré.
Mi ò níí purọ́, ó dùn mí.

Lọ́jọ́ Sunday, nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì,
Fadá Budrọ́sì ní Olúwa kò dúró kí ayé tòrò kó tó wá;
ó ní idà ọba ti yọ nígbà tí wọ́n ń wá ilé ìbí fún un.
Bóyá ó sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Èmi ń ka àwọn tí kò wá.

Ọjọ́ kẹta, àlìkámà wú, kò hù.
Marína gbé etí lé àwo,
ó ní òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń yọ.
Lókè, bàálù tí kò láwakọ̀ ń kùn
bí eṣinṣin tí kò ríbi bà sí.
Mo wo ọmọ mi, mo sì rí i pé
etí wà nínú ìretí.
Etí kan náà tí a fi ń ṣọ́ ikú látẹ̀ẹ̀rùn
lòun fi ń ṣọ́ ewé.

Ọjọ́ karùn-ún, ó yọ:
funfun, tín-ín-rín, ó tẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ.
Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú òwú, kò ṣeé yà mọ́.

Lóru ọjọ́ náà, nǹkan bú gbàmù létí odò.
Gíláàsì kan tó kù fọ́, ó ha Tanyọ́sì níwájú orí.
Mo nu ẹ̀jẹ̀ náà. Ìdì kan tó o.
Ó sunkún, ó béèrè búrẹ́dì, ó sùn.

Ìdì kan ló kù nínú àpótí báyìí.
Rafká ń wò ó.
Ó ní ẹ̀wà pẹlẹbẹ ṣì wà nísàlẹ̀ ìgò.