Lẹ́yìn Ìròyìn Aago Méje

Rédíò kò dárúkọ Mairo.
"Àwọn àjèjì," ló wí, "àwọn darandaran.
Kí ará ìlú máa fura."
Ohùn náà tutù bí omi àmù.
Ìpolówó ọṣẹ ló tẹ̀ lé e.

Ní Ìgbájà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì,
Mairo gbé igbá wàrà dé ẹnu ìsọ̀ mi
bó ti ń gbé e dé láti ọdún mọ́kànlá.
Ó bi mí léèrè ẹsẹ̀ ìyá mi.
Ojú mi ń wá nǹkan lábẹ́ ìborùn rẹ̀,
èmi tí mo ti bá a so ìborùn náà rí.
Mo ní, "Ó tì o, kì í ṣe tòní."
Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo àdúgbò wí.
Ọ̀sán pọ́n,
omi wàrà ń kán sí i lọ́rùn,
ó ti ń kan.

Kò wá mọ́.
Bàbá Jímọ̀ tó lọ ra àgbò ní gáà
ní wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́rí lójúmọmọ:
rédíò tiwọn ti sọ fún wọn
pé ará ìlú ń pọ́n àdá.

Mo mọ rédíò ọ̀hún.
Ọwọ́ mi lọkọ rẹ̀ ti ra bátìrì inú rẹ̀,
mẹ́ta,
mo fi ìkẹrin ṣe èènì.