Títẹ Ìwé Ètò Iná

Ní àjà kọkànlá ilé iṣẹ́ ìjọba, ní Tókíò,
èmi ni mo ń tẹ ìwé ètò iná fún orílẹ̀-èdè.
Wọ́n ti pa ẹ̀rọ amúlétutù kí iná lè kárí ìlú;
àwọn ọ̀gá bọ́ táì, wọ́n ń fi fáìlì fẹ́ ara wọn.
"Kọ ọ́ sílẹ̀, Chihaya," Ọ̀gbẹ́ni Usami ló sọ bẹ́ẹ̀,
"ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, láti ara átọ́ọ̀mù."
Mo kọ ọ́.
Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ó ní kí n pa á rẹ́, kí n kọ òdo.
Mo kọ òdo.
Kí ọkọ̀ ojú irin ìkẹyìn tó lọ, ó ti padà di ogún,
wọ́n wá so "bó bá ti lè ṣeé ṣe tó" mọ́ ọn nídìí,
bí ẹni ń so ìrù mọ́ ẹran tí kò ní.

Kìlómítà mọ́kànlá ni ilé wa sí ilé átọ́ọ̀mù yẹn.
Kamisawa. Ẹ má wá a nínú máàpù tuntun.
Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì, tí òkun dìde dúró bí ògiri,
orí àkàbà ni bàbá mi wà, Nihei Genzaburo,
ó ń gé ẹ̀ka gbígbẹ lára igi kákì.
Wọ́n ní kó mú ohun tí ọwọ́ kan lè gbé.
Ayùn ló mú.
Àwòrán màmá mi kù sára ògiri.

Wọ́n ha ojú oko ìrẹsì rẹ̀, erùpẹ̀ àtẹ̀yìnwá,
wọ́n dì í sínú àpò dúdú, wọ́n tò ó gègèrè.
Ẹlẹ́dẹ̀ igbó sùn sí yàrá tí wọ́n bí mi sí.
Kákì so lọ́dún náà bí kò ṣe so rí,
ó pọ́n, ó rọ̀, ó ń já lulẹ̀, pọ̀, pọ̀,
ẹ̀rọ tó ń wọn oró sì ń dún lábẹ́ rẹ̀ bí ìrẹ̀.

Orúkọ kan náà là ń pe èyí tó ń tàn àti èyí tó ń jó.

Nígbà tí wọ́n ti gbogbo ilé átọ́ọ̀mù pa,
ọkọ̀ òkun gbé èédú dé láti Ọsirélíà.
Mo tẹ iye tọ́ọ̀nù. Mo tẹ iye èéfín.
Kurihara, ọmọdékùnrin ẹ̀ka ojú ọjọ́,
wá dúró sídìí tábìlì mi, ojú rẹ̀ pọ́n:
"A sá fún ejò, a lọ forí pamọ́ sẹ́nu ọ̀nì.
Ojú ọjọ́, ojú ni lóòótọ́,
ta ló ń wò ó lójú nínú wa?"
Mo bù tíì fún un. Kí ni mo tún lè ṣe?

Wọ́n pe àwọn ará Kamisawa sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan.
Ọ̀gbẹ́ni Usami gbé àwòrán aláràbarà sí ara ògiri.
Bàbá mi dìde, ó fọwọ́ ti orúnkún kó tó dìde tán.
"Iná ilé yẹn, Tókíò ló ń tàn fún.
Kò fìgbà kan tan gílóòbù kan ní Kamisawa.
Ogún tí ẹ wí yìí, ẹ̀yìnkùlé ta ni?"
Ọ̀gbẹ́ni Usami tẹrí ba.
Ó pẹ́ kó tó gbé e sókè.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ gíláàsì oòrùn dé.
Bàbá mi fọwọ́ síwèé, ó ní:
"Ìrẹsì tó bá gbó a máa tẹrí. Èyí ò mọ̀ ọ́n ṣe."
Igi kákì nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.
Ní oṣù kẹwàá, lẹ́tà dé: òjìji igi yìí ń bo gíláàsì mẹ́ta,
ó ń jẹ nínú iná ìjọba.

Ó pè mí. Ó ní, "Ìwọ tó ń tẹ ètò,
tẹ ìyẹn náà sí i. Òjìji igi kan."

Mo tẹ̀ ẹ́,
ojú ìwé kẹtàlélógóje, nísàlẹ̀, ní lẹ́tà kékeré.
Ọ̀gbẹ́ni Usami ò tíì kà débẹ̀.