Orúkọ Ẹran Ọ̀sìn Yín Àkọ́kọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà ilé-ìkàwé wa ní Vangsby,
mo ń fi ṣọ́bìrì kó o kúrò
nígbà tí Halvor Brekke dé nínú ọkọ̀ àgbẹ̀ rẹ̀,
àpò ṣúgà lábẹ́ abíyá; ìwé ló kún inú rẹ̀, kì í ṣe ṣúgà.
"Wọ́n ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ìjọba àpapọ̀ ń gbé báyìí.
Owó opó ni mo wá bèèrè. Ṣé ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Irọ́ díẹ̀ wà nínú ẹ̀:
ọ̀nà tí mo mọ̀ lánàá, wọ́n lè ti yí i padà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Mo ní kó di eku mú.
Ó wò mí.
Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló fi ń pa eku nínú àká àlìkámà.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kó jí.

Ojúlé àkọ́kọ́ tó yọ sí wa ní àsíá, ó ní àwòrán idì,
ó ní ká san dọ́là mọ́kàndínláàádọ́ta ká tó wọlé.
Ọwọ́ Halvor ti wọ àpò.
Mo ní, Bàbá, ẹ dúró. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọṣọ ọlọ́pàá ni ọlọ́pàá.
Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ;
ti ìjọba yìí, ìdí orúkọ là á wò:
g, o, v. Bí ẹ ò bá rí wọn níbẹ̀, ẹ sá.

A sá. A rí ojúlé gidi. Kò lẹ́wà tó ti olè.

Ó bi í bóyá róbọ́ọ̀tì ni.
Ó ní kó tọ́ka sí àwòrán tí iná adarí-ọkọ̀ bá wà nínú ẹ̀.
Ìlú wa kò ní iná adarí-ọkọ̀ kan ṣoṣo.
Wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀mejì.
"Mo ti jẹ́rìí ní kóòtù rí," ló wí, "kò le tó yìí."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ó ti ní àkáǹtì níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Èmi? Rárá o.
Ọjọ́ tí wọ́n ṣí i wà níbẹ̀. Oṣù Ọ̀wàrà, èṣín.
Ó dákẹ́. Oṣù tí dókítà pe Borghild wọ yàrá, tó sì tilẹ̀kùn.
"Èmi, oko," ló wí. "Òun, ìwé."
Obìnrin náà kò sọ fún un. Ó kàn lọ la ọ̀nà sílẹ̀ dè é.

Ọ̀rọ̀ ìwọlé kò sí nínú àpò ṣúgà.
Ó ku ìbéèrè kan: kí ni orúkọ ẹran ọ̀sìn yín àkọ́kọ́?
Ó tẹ orúkọ ajá ìgbà èwe rẹ̀. Rárá.
Ológbò inú àká. Rárá.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí wọ́n tì í síta di ọ̀la.
Mo ń wo yìnyín.
Ó rẹ́rìn-ín lójijì, ẹ̀rín tó jọ ikọ́.
"Àkáǹtì mi ni, àmọ́ òun ló dáhùn."
Ajá ń ba Borghild lẹ́rù. Pẹ́pẹ́yẹ ló sìn lọ́mọ ọdún méje,
ẹyẹ burúkú tó ń lé olùkọ́ kiri ọgbà ilé-ìwé.
Kaptein. Ó fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan, ìsinmi, lẹ́tà kan.

Ilẹ̀kùn ṣí.

Orúkọ rẹ̀ rèé, àdírẹ́sì rẹ̀ rèé,
àti nísàlẹ̀, nínú àpótí kékeré kan: Ó ní ìyàwó.
Ẹ tẹ ibí bí nǹkan bá ti yí padà.
Kò tẹ̀ ẹ́.
Aago márùn-ún la máa ń tilẹ̀kùn; ó ti kọjá.

Kọ̀ǹpútà kì í lè fara da ìdákẹ́jẹ́. Ó béèrè:
Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?
"Mo wà," ni Halvor wí sókè, sí ojú gíláàsì,
ó sì ń dúró de èsì.
Mo nawọ́ kọjá èjìká rẹ̀, mo bá a tẹ̀ ẹ́.